Ta Ni Yóò Dán Ìdánwò Wò?

Àkókò tí èsì ìdánwò ń jáde jẹ́ àkókò ayọ̀ nínú ilé kan, ó sì jẹ́ àkókò ẹkún nínú ilé kejì. Bàbá gba ìwé èsì lọ́wọ́ ọmọ, ó ka iye máàkì tí ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì yípadà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti pe ọmọ náà ní olódo, a ti fi í wé ọmọ aládùúgbò, ìyá rẹ̀ pẹ̀lú sì ti gba ìpín tirẹ̀ nínú ìbáwí náà. Orúkọ tí a sọ ọmọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ a máa bá a dàgbà. Èyí ni ó mú wa béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí: ìdánwò tí ó dán ọmọ wa wò, ta ni ó dán òun náà wò?

Ìbéèrè yìí kì yóò ṣe àjèjì sí ìyá tí ó mọ ọjà ná. Nígbà tí ó bá fẹ́ ra gàrí, kì í ṣe gàrí nìkan ni ó ń wò. Ó ń wo kóńgò pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé ẹlòmíràn a máa lu ìdí kóńgò wọ inú, ẹlòmíràn a sì máa yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí gàrí díẹ̀ lè kún un. Bí kóńgò bá ní àbùkù, ẹ̀bi gàrí kọ́ ni bí kò bá tó ilé jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìdánwò rí. Òṣùwọ̀n ni, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ṣe é. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀: ẹni tí ó lu kóńgò mọ ohun tí ó ń ṣe, ṣùgbọ́n àbùkù inú ìdánwò sábà máa ń ti inú àìmọ̀ wá, ẹni tí ó ṣe é a sì máa rò pé òun ṣe òdodo.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Páríìsì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alfred Binet. A bí i ní 1857. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí bí èrò inú ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọmọbìnrin méjì, Madeleine àti Alice. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, nínú ilé ara rẹ̀, ni ó ti kíyèsí i pé bí ọmọ kan ti ń ronú yàtọ̀ sí ti èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ní ìgbà náà ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ẹni tí orí rẹ̀ bá tóbi ni ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀. Binet pẹ̀lú gbìyànjú rẹ̀. Ó wọn orí àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin orí ọmọ tí ó mọ̀wé àti orí ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò tètè yé kò tó nǹkan. Ó fi ọ̀nà náà sílẹ̀.

Ní 1904 ìjọba Faransé yan ìgbìmọ̀ kan láti ro ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kò ràn lọ́wọ́, kí a lè ṣètò ẹ̀kọ́ tí ó bá wọn mu. Binet wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ìdààmú wọn ni pé kò sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ènìyàn gbà. Bí ọmọ bá jẹ́ oníjàngbọ̀n, tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa, tíṣà lè pè é ní aláìlóye kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni Binet àti dókítà kan tí ń jẹ́ Théodore Simon fi gbé ìdánwò oníbéèrè 30 jáde ní 1905. Wọ́n to àwọn ìbéèrè náà láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Èkíní ni pé kí a ṣáná, kí a wò bí ojú ọmọ yóò bá tẹ̀lé iná náà. Òmíràn ni pé kí a gbé ṣokoléètì àti ègé igi síwájú ọmọ, kí a wo èyí tí yóò mú láti jẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ó tún nọ́ńbà mẹ́ta pè bí olùdánniwò ti pè é. Kí ó sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin eṣinṣin àti labalábá. Títí dé orí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ojú kò lè rí, tí ọwọ́ kò sì lè tẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ kíyèsí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tiwa wà. Kò jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé láti òkè Sínáì ni ó ti gbé e sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọ bí 50 ni ó fi gbé ti àkọ́kọ́ kalẹ̀, ó sì mọ̀ pé iye yìí kéré. Ní 1908 ó tún un ṣe. Ó dán an wò lára àwọn ọmọ bí 200, ó sì pín àwọn ìbéèrè sí ọjọ́ orí, láti ọmọ ọdún mẹ́ta dé ọmọ ọdún 13, kí a lè mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà sábà máa ń lè ṣe àti ohun tí ó di ọdún mẹ́wàá kí a tó lè retí rẹ̀. Ní 1911 ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ṣí ìbéèrè mìíràn nípò nítorí pé ó le jù fún ọjọ́ orí tí a fi í sí. Ó sì yọ àwọn ìbéèrè tí ó jẹ mọ́ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ kúrò, nítorí ó rí i pé ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí ọmọ ti rí ilé-ìwé lọ sí, kì í ṣe òye tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni ó kú, ẹni ọdún 54.

Kí ó tó kú ó ti kìlọ̀ fún ayé. Ó ní òye ọmọ kì í ṣe ohun tí a gbẹ́ sára òkúta tí kò lè pọ̀ sí i mọ́. Bí a bá kọ́ ọmọ bí ó ti yẹ, yóò tẹ̀síwájú. Ó ní iṣẹ́ ìdánwò òun ni láti fi ọmọ tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ hàn, kí a lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fún ẹlòmíràn ní àdá láti fi ro oko, a kò tún lè bá a mú un dání.

Henry Goddard ni ó mú ìdánwò náà dé Amẹ́ríkà ní 1908. Láìpẹ́ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi dán àwọn àlejò wò ní Ellis Island, èbúté tí ọkọ̀ ń já àwọn tí ń ṣí wá sí New York sí. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí omi, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò di pẹ́ńsùlù mú rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀. A ní kí ó ya àwòrán kan láti inú iyè rẹ̀. Nígbà tí kò lè ṣe é, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òye rẹ̀ kò pé. Báyìí ni Goddard fi kéde pé púpọ̀ nínú àwọn Júù, àwọn ará Ítálì àti àwọn ará Rọ́ṣíà tí a dán wò jẹ́ aláìpé ní òye. Ní 1928 òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun ti yí èrò òun padà.

Ní 1916 Lewis Terman ti yunifásítì Stanford ní California tún ìdánwò Binet ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Òun ni ó mú kí ìṣirò kan tan káàkiri: a ó wo ọjọ́ orí tí ìdáhùn ọmọ bá mu, a ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an pín in, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá dáhùn bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, 80 ni a ó kọ sí orúkọ rẹ̀. Ó rọrùn láti kọ. Ó sì rọrùn láti gbàgbé pé nọ́ńbà náà kì í ṣe ọmọ náà.

Ogun dé. Ní 1917 àti 1918 a dán àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà bí 1,750,000 wò. Àwọn tí kò mọ̀wé ni a fún ní ìdánwò alaworan, kí wọ́n fi ohun tí ó kù nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan kún un. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà ni pápá bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí kò ní àwọ̀n láàrin. Àgbẹ̀ tí kò rí tẹníìsì rí, níbo ni yóò ti mọ̀ pé àwọ̀n ni ó kù? Síbẹ̀ ní 1923 Carl Brigham gbé ìwé jáde lórí èsì wọ̀nyí, ó sì sọ pé ìran kan sàn ju ìran kejì lọ ní òye. Ní 1930 ni Brigham tún gbé kálàmù rẹ̀, tí ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé ìpìlẹ̀ tí òun gbé ọ̀rọ̀ náà lé kò dúró. A yìn ín fún ìjẹ́wọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde lẹ́nu kò ṣeé kó padà bí ẹyin tí ó bọ́ sílẹ̀.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí Terman àti Maud Merrill tún ìdánwò wọn ṣe ní 1937, ènìyàn 3,184 ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, aláwọ̀ funfun tí a bí ní Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn. Ìdánwò tí David Wechsler ṣe fún àwọn ọmọdé ní 1949 pẹ̀lú, ọmọ 2,200 ni a fi gbé e kalẹ̀, ọmọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n jálẹ̀. Síbẹ̀ a ń fi kóńgò yìí kan náà wọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, a sì ń wí pé kò kún. Ó di 1974 kí a tó tún ti Wechsler ṣe pẹ̀lú ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà nínú rẹ̀. Ní 1979 adájọ́ kan ní California dájọ́ lórí ẹjọ́ tí àwọn òbí aláwọ̀ dúdú gbé wá, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí a máa fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn sínú kíláàsì àwọn aláìpé. Ẹ rántí pé òbí ni ó gbé ẹjọ́ náà lọ. Bí wọ́n bá ti gba ìwé èsì tí wọ́n sì na ọmọ wọn, a kì bá tí gbọ́ nǹkan kan.

Bí ìdánwò bá tilẹ̀ dára lónìí, ó lè di ògbólógbòó lọ́la. Ní 1984 James Flynn, ọ̀mọ̀wé kan ní New Zealand, fi hàn pé láti 1932 dé 1978 àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe dáadáa sí i nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máàkì 14. Nítorí náà ẹni tí a bá fi òṣùwọ̀n àtijọ́ wọ̀n yóò dàbí ẹni pé ó gbọ́n ju bí òṣùwọ̀n tuntun yóò ti pè é lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń tún ìdánwò ṣe láti ìgbà dé ìgbà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, báwo ni a ti ń ṣe ìdánwò tí ó dára? A ó sọ ọ́ ní ṣókí. Èkíní, a ó kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Bí ìṣirò ni, kí ìbéèrè má ṣe kún fún Gẹ̀ẹ́sì líle tí yóò fi di ìdánwò èdè. Èkejì, ènìyàn púpọ̀ ni yóò kọ ìbéèrè, àwọn mìíràn ni yóò sì tún un yẹ̀wò, nítorí ojú kan kò rí gbogbo nǹkan. Ẹ̀kẹta, a ó dán ìbéèrè náà wò lára àwọn ọmọ tí ó dàbí àwọn tí a ó fi í fún. Ìbéèrè tí gbogbo ọmọ gbà kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Èyí tí gbogbo wọn kùnà kò fi í hàn pẹ̀lú. Èyí tí ó burú jùlọ ni èyí tí àwọn ọmọ tí ó mọ ẹ̀kọ́ ń kùnà, tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì ń gbà: irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń ṣàìsàn, kí a yọ ọ́. Ẹ̀kẹrin, bí a bá tún ọmọ kan náà dán wò ní àìpẹ́, èsì méjèèjì kò gbọdọ̀ jìnnà sí ara wọn, àfi bí òṣùwọ̀n náà kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ẹ̀karùn-ún, a kò gbọdọ̀ fi ọmọ wé ẹni tí kò bá a gbé irú ayé kan náà.

Lórí ti ẹ̀karùn-ún yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀rí tí ó dára. Ní 1979 Robert Serpell ròyìn iṣẹ́ tí ó ṣe láàrin àwọn ọmọ Sáḿbíà àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé àwòrán síwájú wọn kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí ó fún wọn ní pẹ́ńsùlù àti ìwé, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe é dáadáa jù. Nígbà tí ó fún wọn ní wáyà, àwọn ọmọ Sáḿbíà ni ó ta wọ́n yọ, nítorí wáyà ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré wọn. Nígbà tí ó fún wọn ní amọ̀, wọ́n dọ́gba. Bí ó bá ti mú pẹ́ńsùlù nìkan lọ, kí ni ìbá kọ sínú ìwé rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Làìbéríà, ní àwọn ọdún tí ó yí 1970 ká. Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kó oúnjẹ, irinṣẹ́, aṣọ àti ohun ìkó-nǹkan-sí síwájú àwọn àgbẹ̀ Kpelle, wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn tí ó bá ara wọn mu pọ̀. Àwọn àgbẹ̀ fi ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọsàn, wọ́n fi ọkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dùnkún. Wọ́n ní bí ọlọ́gbọ́n yóò ti ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ó sú àwọn olùdánniwò, wọ́n béèrè pé, báwo ni òmùgọ̀ yóò ti ṣe é? Kíá, àwọn àgbẹ̀ kó oúnjẹ jọ sọ́tọ̀, irinṣẹ́ sọ́tọ̀, aṣọ sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti fẹ́ ẹ! Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, iṣẹ́ yìí kò ṣe àjèjì. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọn kò rẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ti ń pè ní aláìmọ ìṣirò, ó lè jẹ́ pé èdè ìbéèrè ni kò yé wọn. Bákan náà, nígbà tí àjọ JAMB sọ gbogbo ìdánwò rẹ̀ di ti orí kọ̀ǹpútà ní 2015, ẹ̀rù ba ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Àjọ náà wá ṣètò pé kí ọmọ lè fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò rẹ̀ láìlo máòsì. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n irú àtúnṣe tí a ń wí nìyẹn: kí a wọn ohun tí ọmọ mọ̀, kí a má ṣe wọn ọwọ́ rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Àwa tí ń kọ̀wé yìí ti ń ṣe katikíìsì láti ọdún púpọ̀, àwa ni a sì ń dán àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi wò nínú ìjọ wa. Ìyá àgbà kan wà nínú kíláàsì, oníṣòwò epo pupa, tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ. A bi í pé, “Kí ni oore-ọ̀fẹ́?” Ó dákẹ́. A tún un bi. Ó wo ilẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ó ti há ìdáhùn inú ìwé sórí yege ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta a kò rí wọn mọ́ ní ilé Ọlọ́run.

Nígbà tí ọdún yípo, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ìyá náà jókòó lábẹ́ igi, ó ń bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀. A gbọ́ tí ó ń wí fún wọn pé, “Mo jẹ gbèsè, ẹlòmíràn san án, kò sì ránṣẹ́ wá gbà á lọ́wọ́ mi títí di òní. Òun ni mo ṣe ń wá sí ibí yìí.” Ara wa bù máṣọ. Ohun tí a bi í ní ọdún kan sẹ́yìn nìyí, ó sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé tí a fi bi í ni kò mọ̀. A lọ kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ dìde. Ẹ̀yin náà ṣì ń kọ́ ọ ni.”

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni a mú ìwé ìbéèrè wa, a sì fi ìbéèrè 14 inú rẹ̀ bi àwọn àgbà ìjọ tí gbogbo wa mọ ìwà rere wọn. Mẹ́rin nínú rẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè dáhùn láàrin wọn. A yọ méjì, a sì tún méjì sọ ní èdè tí ilé gbọ́. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní Ọjọ́ Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni a fi dá a dúró, a kò sì lè dá a padà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ni kí a ṣe? A kò wí pé kí ẹ kẹ́ ọmọ tí ó ń fi ìwé rẹ̀ ṣeré; ọ̀lẹ kò ní àwáwí nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó dájọ́. Ẹ ní kí ọmọ fi ìbéèrè tí ó kùnà hàn yín, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó rò pé ó túmọ̀ sí. Ẹ lọ rí tíṣà rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ẹ wò bí ojú rẹ̀ bá ríran dé ara pátákó, bí etí rẹ̀ bá gbọ́ràn. Ẹ má sì ṣe ra ìbéèrè olè fún un, nítorí òbí tí ó bá ra ìbéèrè ti yọ́ àbẹ́là sí ìdí kóńgò fún gbogbo ọmọ yòókù. Ìwé Mímọ́ kò fi ojú rere wo ẹni tí ó kó òṣùwọ̀n méjì sínú àpò kan.

Bí ìwé èsì bá sì dé ọwọ́ yín tí kò dùn mọ́ yín nínú, ẹ rántí ìyá elépo. Kí Ọlọ́run tí ó mọ ìwọ̀n ẹnìkọ̀ọ̀kan wa fún wa ní sùúrù láti wo kóńgò kí a tó bú gàrí. Ó dìgbà kan ná.